Òjé inú ẹja kọ́ ni wàhálà tó tóbi jù nínú ìdíje ẹja walleye

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́dún 2022, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti rí fídíò yẹn. Ọkùnrin kan gbé ẹja dání, ó fi ọ̀bẹ la ikùn ẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀, ó sì fa òjé róbótó kan jáde. Ló bá kígbe pé òjé wà nínú ẹja. Lójú ẹsẹ̀, àwọn tó yí i ká ti bẹ̀rẹ̀ sí í bú èébú, ẹni tó ni ẹja sì dúró síbẹ̀ bí ẹni tí òjò pa, kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Orí WhatsApp ni èmi ti kọ́kọ́ rí i. Ẹni tó fi í ránṣẹ́ sí mi kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé, "Àwọn òyìnbó náà ń ṣe màgòmágó o!" A jọ rẹ́rìn-ín sí i dáadáa.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 30, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2022 lọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, nílùú Cleveland, ní ìpínlẹ̀ Ohio, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Jason Fischer lorúkọ ọkùnrin tó la ẹja. Òun ni olùdarí ìdíje tí wọ́n ń pè ní Lake Erie Walleye Trail, àṣekágbá ìdíje ọdún yẹn ni wọ́n sì ń ṣe lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin méjì tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ kan gbé ẹja márùn-ún wá, òṣùwọ̀n sì sọ pé àpapọ̀ ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pọ́ùn 34, ìyẹn bíi kílò 15. Fischer wo ẹja, ó wo òṣùwọ̀n, ọ̀rọ̀ náà ò yé e. Ẹja tó rí bíi pọ́ùn mẹ́rin-mẹ́rin, báwo ló ṣe ń wọn pọ́ùn bíi méje? Nígbà tí wọ́n la gbogbo ẹ̀ tán, òjé mẹ́wàá ló jáde, pẹ̀lú ègé ẹran ara ẹja mìíràn tí wọ́n ti kì bọ̀ wọ́n lọ́fun. Owó tí àwọn méjèèjì ì bá gbé relé lé ní 28,000 dọ́là.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, wọ́n gbà nílé ẹjọ́ pé àwọn jẹ̀bi. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún, adájọ́ rán wọn lẹ́wọ̀n ọjọ́ mẹ́wàá, wọ́n gba láísẹ́ǹsì ìpẹja lọ́wọ́ wọn fún ọdún mẹ́ta, ọkọ̀ ojú omi tí owó ẹ̀ tó 100,000 dọ́là náà sì bọ́ sọ́wọ́ ìjọba. Ayé gbọ́, ayé sì gbàgbé.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Gbogbo ariwo tó tẹ̀lé fídíò yẹn, ọ̀rọ̀ owó ni: ta ló yẹ kó gba dọ́là, ta ló rẹ́ ta jẹ. Kò sẹ́ni tó béèrè nípa ẹja. Ìbéèrè tó wà lọ́kàn tèmi ni pé, àwọn ẹja tí kò sí òjé nínú wọn ńkọ́? Àwọn tí wọ́n fi ìwọ̀ mú láìṣe èrú, tí wọ́n wọ̀n láìṣe èrú, tí wọ́n dá padà sómi, tí gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́ fún, ṣé wọ́n yè? Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, mi ò sì tètè kúrò nídìí ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹja tí à ń sọ. Walleye kò jọ ẹja àrọ̀, kò sì jọ títù inú yìnyín. Adágún àti odò tí kò níyọ̀ ló ń gbé, ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ara ẹ̀ ní àwọ̀ ewé tó papọ̀ mọ́ àwọ̀ wúrà, eyín ẹ̀ mú, ojú ẹ̀ sì tóbi. Ojú yẹn gan-an ló sọ ọ́ lórúkọ. Awọ kan wà lẹ́yìn ẹyinjú ẹ̀ tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, bíi ti ológbò, ìdí nìyẹn tó fi ń dán tí ẹ bá tan tọ́ọ̀ṣì sí i lóru. Òun fúnra ẹ̀ ń fi ojú yẹn ríran nínú omi tó rú àti nígbà tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, àsìkò tí àwọn ẹja kéékèèké ò rí i kó tó gbé wọn mì.

Bí àwọn èèyàn ibẹ̀ ṣe fẹ́ràn ẹja yìí, kì í ṣe kékeré. Láti ọdún 1965 ni ìpínlẹ̀ Minnesota ti sọ ọ́ di ẹja ìpínlẹ̀ wọn. Nílùú Port Clinton, ní etí adágún Erie, tí ọdún tuntun bá fẹ́ wọlé, ère ẹja walleye ràgàjì kan ni wọ́n máa ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, tí ogunlọ́gọ̀ èèyàn á máa ka ìṣẹ́jú àáyá nínú òtútù. Mo rí fídíò tiẹ̀ náà. Ẹran ẹ̀ funfun, ó sì dùn, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó jẹ ẹ́ ṣe ń wí.

Ohun kan tún wà tó yẹ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn, torí òun ni gbogbo àlàyé yìí dúró lé. Àwọn walleye tó tóbi jù, abo ló pọ̀ jù nínú wọn. Abo ẹja yìí kì í tètè bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin, ó lè tó ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà kó tó gbó. Ṣùgbọ́n tó bá ti gbó, abo ńlá kan lè yé ẹyin tó ju 100,000 lọ ní ìgbà ìrúwé kan ṣoṣo. Ìdíje sì rèé, ẹja tó tóbi jù ló ń gba owó. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe ìdíje ọ̀hún. Ní kùtùkùtù, kí oòrùn tó yọ dáadáa, ọkọ̀ á tò sí èbúté, àádọ́ta, nígbà míì ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá ti fọn fèrè, wọ́n á sáré lọ bí ẹni tí wọ́n ń lé, torí àwọn ẹ́ńjìnì yẹn lágbára bíi ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ olówó ńlá. Nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, táǹkì kékeré kan wà tí ẹ̀rọ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí. Ẹja tí wọ́n bá mú, ibẹ̀ ló ń lọ. Ní ọ̀pọ̀ ìdíje, márùn-ún ni ọkọ̀ kan lè gbé wá síwájú òṣùwọ̀n. Níbi tí òfin ìpínlẹ̀ bá fàyè gbà á, tí wọ́n bá ti ní márùn-ún tí wọ́n tún wá mú èyí tó tóbi jù, wọ́n á yọ kékeré kan dà nù sómi, wọ́n á fi ńlá rọ́pò ẹ̀. Kékeré yẹn ti lè lo wákàtí mélòó kan nínú táǹkì.

Nígbà tó bá di ọwọ́ ọ̀sán, gbogbo wọn á sáré padà. Ìgbì á máa gbá ọkọ̀, omi inú táǹkì á máa jà, ẹja á máa forí sọ ògiri táǹkì. Wọ́n á kó ẹja sínú báàgì omi, wọ́n á tò sórí ìlà, wọ́n á gun sítéèjì, wọ́n á gbé ẹja méjì tó tóbi jù sókè, kẹ̀mírà á tàn yẹ̀rì, oníbọ̀rọ̀ ẹ̀rọ á pariwo iye tó wọ̀n. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbé ẹja lọ sínú omi ìtòsí, ibi tó lè jìnnà gan-an sí ibi tí wọ́n ti mú un. Olùṣètò á wá kéde pé gbogbo ẹja ti padà sílé láàyè.

Láàyè. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mo ní ẹjọ́ pẹ̀lú.

Nínú ikùn walleye, àpò afẹ́fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ kó lè léfòó láìṣe wàhálà. Oríṣi ẹja kan wà tó lè gùnfẹ̀ tí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù nínú àpò yẹn. Walleye ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí kò sí ihò tó so àpò náà mọ́ ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀. Tí wọ́n bá fà á sókè kíákíá láti ibi tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 30 sísàlẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, omi tó ń tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀ á fúyẹ́ lójijì, afẹ́fẹ́ inú àpò á wú. Nígbà míì, ikùn á le, ẹyinjú á yọ síta, ìfun á máa ti jáde lẹ́nu. Tí wọ́n bá jù ú sómi báyẹn, á kàn léfòó, àwọn ẹyẹ á sì rí oúnjẹ. Àwọn kan máa ń fi abẹ́rẹ́ gún àpò náà kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Ẹni tó bá ti gún ibi tí kò yẹ ti pa á nìyẹn.

Ti ooru tún wà níbẹ̀. Bí omi bá ṣe ń gbóná sí i, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tí ẹja lè mí nínú ẹ̀ ń dínkù, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ara ẹja ń béèrè afẹ́fẹ́ sí i. Ẹja tó ti bá ìwọ̀ jà, tó ti rẹ̀, ni wọ́n tún wá kó sínú táǹkì pẹ̀lú mẹ́rin mìíràn nínú oòrùn oṣù Keje. Ó lè máa fi ìrù jà nígbà tí wọ́n bá dá a sómi o. Ẹ lè ya fídíò ẹ̀. Ọ̀la tàbí ọ̀tunla ló máa kú, nísàlẹ̀ omi, níbi tí kò sí kẹ̀mírà.

Èyí kì í ṣe àbá tèmi lásán. Láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ó lé ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń tọpa ẹ̀, ní Minnesota, ní South Dakota, ní Wisconsin. Ohun tí wọ́n ń ṣe rọrùn láti yé: tí wọ́n bá wọn ẹja tán, dípò kí wọ́n jù ú sómi kí kálukú máa lọ, wọ́n á kó o sínú àgò onínẹ́ẹ̀tì ńlá nínú adágún, wọ́n á fi sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, wọ́n á sì padà wá ka òkú. Harold Schramm àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tẹ ọ̀kan nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jáde lọ́dún 2010, lórí àwọn ìdíje tí wọ́n ń dá ẹja padà sómi. Ohun mẹ́ta ló ń mú kí òkú pọ̀ sí i: omi tó gbóná, ibi jíjìn tí wọ́n ti fa ẹja, àti atẹ́gùn pẹ̀lú ìgbì. Ìdíje kan lè parí kí ẹja tó kú má tó nǹkan. Òmíràn, ní ọjọ́ tí kò dára, á dà bí ọjà ẹja.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìyàtọ̀ oṣù ṣe ń ṣiṣẹ́, kó wo adágún Mille Lacs ní Minnesota. Lọ́dún 2003 àti 2004, wọ́n ṣe ìwádìí níbẹ̀ lórí ẹja tí àwọn apẹja lásán fi ìwọ̀ mú, láìsí ìdíje, láìsí òṣùwọ̀n, láìsí sítéèjì. Ní oṣù Karùn-ún tí omi ṣì tutù, ẹja tí wọ́n dá padà kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ní oṣù Keje àti Kẹjọ, nínú ọgọ́rùn-ún, nǹkan bíi 12 ló kú. Ẹ fi ìyẹn ṣe ìpìlẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi wákàtí mẹ́fà nínú táǹkì lé e lórí.

Ó yá, ṣé ìdíje wá ń pa ẹja run nínú adágún ni? Ẹ jẹ́ ká sòótọ́: ó dá lórí adágún tẹ́ ẹ ń sọ.

Ní Erie, níbi tí wọ́n ti kó òjé bọ ẹja lọ́fun, bẹ́ẹ̀ kọ́. Adágún yẹn dà bí òkun kékeré. Ìtàn ẹ̀ náà sì gùn. Ní àwọn ọdún 1950 sí 1960, ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ àti àwọ̀n àwọn oníṣòwò ẹja ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa walleye ibẹ̀ tán. Mọ̀lẹ́bí ẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní blue pike, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ kó tẹ́lẹ̀, ti run pátápátá, lọ́dún 1983 ni ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé kò sí i mọ́ láyé. Lọ́dún 1970 ni wọ́n rí èròjà olóró mercury nínú ẹja, tí wọ́n sì ti ọjà walleye pa. Ìtìpa yẹn, tí kì í ṣe torí ẹja ni wọ́n ṣe ṣe é, ló gba ẹja là. Wọ́n fún un láyè, omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ lẹ́yìn òfin ọdún 1972, ó sì padà wá. Lónìí, ìgbìmọ̀ kan tó wà lábẹ́ Great Lakes Fishery Commission ló ń jókòó lọ́dọọdún láti sọ iye ẹja tí wọ́n lè kó. Láàárín 2020 sí 2023, iye yẹn ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ lọ́dún kọ̀ọ̀kan. Ohio ń gba díẹ̀ ju ìdajì lọ, Ontario ní Kánádà ń gba bíi 43 nínú ọgọ́rùn-ún, Michigan gba ìyókù. Ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ pẹ̀lú ẹja márùn-ún-márùn-ún, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ẹja nìyẹn. Bí ẹni bu ṣíbí omi kan nínú odò Ọ̀ṣun ni. Ọdún 2015, 2018 àti 2021 wà lára àwọn ọdún tí ọmọ ẹja yọ dáadáa níbẹ̀, wọ́n sì wà lára àwọn tó kún inú omi náà.

Ṣùgbọ́n gbogbo adágún kọ́ ni Erie. Ẹ gbé ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ kan náà lọ sí adágún kékeré fún ọjọ́ méjì, ẹgbẹ̀rún kan ẹja ni wọ́n lè gbé síwájú òṣùwọ̀n, a sì ti sọ pé àwọn tó tóbi jù ni, a sì ti sọ pé abo ló pọ̀ nínú wọn. Kò di dandan kí gbogbo wọn kú kí ìpalára tó dé.

Mille Lacs tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan ni ibi tí ìṣirò yìí ti di ọ̀rọ̀ òfin àti ìjà. Àwọn Ojibwe ti bá ìjọba ṣe àdéhùn lọ́dún 1837 pé àwọn á máa dẹdẹ, àwọn á sì máa pẹja níbẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ ò fẹ́ gbà, ọ̀rọ̀ sì dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1999, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án dá àwọn Ojibwe láre. Látìgbà yẹn, kótà kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń pín. Nígbà tí ẹja wá ń dínkù, kótà ọdún 2015 já sí 40,000 pọ́ùn péré. Ìpín ìpínlẹ̀ nínú ẹ̀ jẹ́ 28,600 pọ́ùn, wọ́n sì lò ó tán kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí. Ọjọ́ 3, oṣù Kẹjọ, wọ́n ti ìpẹja walleye pa. Àwọn onílé ìtura àti àwọn tó ń ta ìjẹ ẹja sunkún.

Lọ́dún 2016, wọ́n ní ó dáa, ẹ máa mú ẹja nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n ẹ dá gbogbo ẹ̀ padà. Ẹja kan ṣoṣo ò gbọdọ̀ dé ìkòkò ọbẹ̀. Síbẹ̀, kótà tún kún. Báwo? Àwọn tó ń ṣe ìṣirò fún ìpínlẹ̀ ń ka ẹja tí wọ́n dá padà tó sì kú lẹ́yìn ọ̀la mọ́ ọn. Lọ́dún 2017, wọ́n ti omi náà pa láti ọjọ́ 7 sí ọjọ́ 27, oṣù Keje, torí pé omi gbóná, àwọn tí ń mú ẹja tí wọ́n sì ń dá a padà ń pa á láìmọ̀. Inú bí àwọn apẹja gan-an. Wọ́n ní ẹja tí àwọn ò jẹ, báwo ni ẹ ṣe máa kà á sí àwọn lọ́rùn? Èmi ò rí ohun tó burú nínú ìṣirò yẹn. Òkú ẹja ni òkú ẹja, yálà inú abọ́ ló wà tàbí ìsàlẹ̀ omi.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kó má bàa dà bíi pé mò ń di ẹ̀bi gbogbo ru ìdíje: kì í ṣe ìdíje ló mú Mille Lacs dá bẹ́ẹ̀. Omi ibẹ̀ ti mọ́ jù, ó ti móoru jù, ìṣáwùrú àjèjì tí wọ́n ń pè ní zebra mussel ti wọ inú ẹ̀ láti 2005, àwọn ọmọ walleye kì í sì pẹ́ kí wọ́n tó di oúnjẹ fún ẹja mìíràn, títí kan àwọn ẹ̀gbọ́n tiwọn gan-an. Ohun tí Mille Lacs kọ́ mi ni pé, ibi tí ẹja bá ti dínkù, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ka òkú bó ṣe yẹ. Ibi tó bá pọ̀, kò sẹ́ni tó ń kà á.

Lọ́jọ́ tí ìpẹja walleye bá ṣí ní Minnesota nínú oṣù Karùn-ún, nǹkan bíi 500,000 èèyàn ló ń bọ́ sórí omi. Ta ni ń wo ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ ìdíje nínú èrò yẹn? Àmọ́ ìdíje ní agbára kan tí kì í hàn lórí òṣùwọ̀n: ó ń kọ́ni. Ẹni tó bá jáwé olúborí lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ Ajé, fídíò ẹ̀ ti wà lórí YouTube: ibi tó dúró, ohun tó so mọ́ ìwọ̀, ẹ̀rọ tó fi rí ẹja. Ẹ gbọ́ èyí ná. Láti ọdún 2018 tí ilé iṣẹ́ Garmin ti gbé LiveScope jáde, apẹja lè jókòó sínú ọkọ̀ kó máa wo ẹja lórí ojú ẹ̀rọ bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù, kó rí i bí ẹja ṣe ń súnmọ́ ìwọ̀ tàbí tó ń yẹra. Lẹ́yìn tí àwọn ọ̀gá ìdíje fi irú ẹ̀ gbowó, gbogbo èèyàn ló fẹ́ rà á. Lójú tèmi, ibí yìí ni ìdíje ti ń dé ara ẹja jù lọ, ju táǹkì lọ, ju sítéèjì lọ. Ẹja tó ń fi ibú ṣe ilé ìpamọ́ tẹ́lẹ̀ ò ní ibi tó máa sá sí mọ́.

Lọ́dún 2002, John Post àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Kánádà kọ ìwádìí kan tí wọ́n fi béèrè bóyá ẹja ń parun lọ́wọ́ àwọn apẹja aláfẹ́ láìjẹ́ pé ojú rí i. Walleye ìpínlẹ̀ Alberta wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ. Àlàyé wọn ò le: ẹja máa ń kóra jọ síbi kan náà, ẹni tó bá mọ ibẹ̀ á ṣì máa rí i mú títí tó fi máa kù díẹ̀. Tí adágún kan bá wá gbẹ, àwọn apẹja á gbé ọkọ̀ wọn lọ sí òmíràn. Kò sí ilé iṣẹ́ tó máa kógbá sílé, kò sí ìròyìn, kò sẹ́ni tó máa figbe ta.

Àwọn tó fẹ́ràn ìdíje ní ẹjọ́ tiwọn náà, ó sì yẹ ká gbọ́. Ìlú kékeré tí kò ní ju ilé epo kan àti hòtẹ́ẹ̀lì méjì lọ, ìparí ọ̀sẹ̀ ìdíje kan lè gbé owó oṣù kan wá fún wọn. Ìpínlẹ̀ ń béèrè ìwé àṣẹ, wọ́n sì lè sọ ibi àti ìgbà. Àwọn apẹja ìdíje mọ ìtọ́jú ẹja ju ọ̀pọ̀ apẹja òpin ọ̀sẹ̀ lọ, àwọn míì ń gbé yìnyín àti oògùn afẹ́fẹ́ sínú ọkọ̀ nítorí táǹkì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kì í ṣe gbogbo ibi ni walleye ti jẹ́ ọmọ onílẹ̀. Nínú odò Columbia ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, àjèjì ni, àwọn ọmọ ẹja salmon ló sì ń jẹ. Ìpínlẹ̀ Washington ti yọ òté kúrò lórí iye tí èèyàn lè mú níbẹ̀. Tí wọ́n bá ṣe ìdíje níbẹ̀ tí gbogbo ẹja sì kú, àwọn olùtọ́jú salmon á jó.

Àwa náà ní ìdíje ẹja tiwa ní Nàìjíríà, ìyẹn Argungu ní ìpínlẹ̀ Kebbi, tí àjọ UNESCO kọ sínú ìwé àjogúnbá àṣà aráyé lọ́dún 2016. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin ló ń bẹ́ sómi lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú àwọ̀n ọwọ́ àti akèrègbè. Lọ́dún 2020, ẹja tó gbégbá orókè wọn kílò 78. Wọn kì í díbọ́n níbẹ̀ pé ẹja máa padà sómi. Ṣùgbọ́n ibi odò tí wọ́n ti ń ṣe é, wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni pẹja nínú ẹ̀ títí ọjọ́ ọdún á fi pé. Oníkálukú ló mọ ohun tó ń san padà fún omi. Ìdíje walleye ti oníṣòwò ò ní irú ìsinmi yẹn. Tí èyí parí ní adágún kan, wọ́n á wọ́ ọkọ̀ lọ sí adágún kejì.

Ohun tó wá ń ya mí lẹ́nu ni pé ojútùú ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Àwọn ìdíje kan, bíi ti AIM, ti pa òṣùwọ̀n tì. Rúlà ńlá kan ni wọ́n ń fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá mú ẹja, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí rúlà, wọ́n á ya fọ́tò ẹ̀, wọ́n á sì dá a padà sómi níbẹ̀ gan-an kí ìṣẹ́jú díẹ̀ tó kọjá. Gígùn ẹja ni wọ́n ń fi ṣírò ìwọ̀n ẹ̀. Kò sí táǹkì, kò sí báàgì, kò sí ìlà lábẹ́ oòrùn. Ẹ sì wò ó dáadáa: kò sí òjé tí ẹ máa kì bọ ẹja lọ́fun tó máa gùn ún lórí rúlà. Èrú míì lè wà, torí ọmọ aráyé ò ní ṣaláìwá ọ̀nà, ṣùgbọ́n èyí tó gbé àwọn méjì yẹn dé ẹ̀wọ̀n ò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Kí ló dé tí gbogbo wọn ò tíì gbà á? Sítéèjì ni. Àwọn olówó tó ń gbé owó kalẹ̀ fẹ́ kí èrò rí ẹja ńlá tí omi ń kán lára ẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ báńà orúkọ ilé iṣẹ́ wọn. Fọ́tò orí fóònù kì í mú èrò pariwo. Mo mọ̀ pé adùn wà nínú ìdúró síwájú òṣùwọ̀n, kí ọkàn máa lù kìkì títí nọ́ńbà á fi jáde. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gbọ́dọ̀ ṣe é pẹ̀lú òṣùwọ̀n dandan, ó yẹ kó jẹ́ nígbà tí omi tutù nìkan, ní ibi tí kò jìn, kí wọ́n sì ka òkú lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó kéde iye tó yè. Ìdíje oṣù Keje tó bá sọ pé òun ò lè dúró ka òkú, kó lọ ra rúlà.

Àwọn adágún kan tiẹ̀ ti yanjú ọ̀rọ̀ náà fún wọn. Níbi tí òfin ti ní kí ẹnikẹ́ni má gbé ẹja ńlá sínú ọkọ̀, kí àwọn abo lè ráyè yé ẹyin, òṣùwọ̀n ò lè ríṣẹ́ ṣe. Ìdíje onífọ́tò nìkan ló lè wọ ibẹ̀, kó ya àwòrán ìyá ẹja náà, kó sì fi í sílẹ̀ níbi tó bá a.